Ogun Bọ́mà àti Ogun Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò ṣàjèjì sí etí yín. Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 ni, tí Jàpáànù sì juwọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hitler.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí ni gbólóhùn kan tí a máa ń gbọ́ níbi àpèjẹ àti níbi ìsìnkú, tí àwọn akọ̀ròyìn pàápàá sì ń tún sọ: pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ jagun ní Bọ́mà ni wọ́n bá wa gba òmìnira bọ̀, pé wọ́n rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà, tí ó ń ṣàìsàn, tí ó sì ń kú bí ènìyàn gbogbo, wọ́n sì padà wálé láti wá ti ìjọba òyìnbó ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, kò wúwo tó bí a ti ń sọ ọ́, ó sì ń gba ọlá lọ́wọ́ àwọn kan tí ọlá tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé ogun kì í ṣe ohun tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ tí a bí ní 1877, nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ó sì ti di ẹni ọdún 16 kí ibùdó ogun tó tú ká ní 1893. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe já ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892. Ẹni ọdún 37 ni nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun lọ sí Kamẹrúùnù ní 1914, ẹni ọdún 68 sì ni nígbà tí Ogun Hitler parí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan wà ní agbo ilé wa ní Abẹ́òkúta nígbà tí àwa wà ní kékeré. Ìyá arúgbó náà kò mọ ọdún òyìnbó, ogun ni ó fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ: “Èyí dé ṣáájú Adùbí, tọ̀hún dé nígbà tí iyọ̀ wọ́n.” Bí ẹ bá sì bi í pé ogun wo ni ó burú jù, kì í dárúkọ Kírìjì, kì í sì í dárúkọ Hitler. Adùbí ni yóò dárúkọ.

Kí ló dé? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tí òyìnbó fọwọ́ sí nínú ìwé àdéhùn ọdún 1893. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ará Ìjẹmọ̀, kí ọdún náà sì tó parí, ìwé àdéhùn ti di ìwé lásán, òmìnira Ẹ̀gbá sì ti tán. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ipá tí kò ní owó wọlé dé, ilé ẹjọ́ tuntun dé, owó ìtanràn lórí ẹ̀gbin àyíká dé, nígbà tí ó sì di oṣù Kìíní ọdún 1918, owó orí dé, fún ọkùnrin àti fún obìnrin pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni àwọn ará oko dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà, Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà sì bá ogun náà lọ. Ta ni ìjọba rán sí wọn? Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà dé ní ọdún yẹn kan náà ni, àwọn tí wọ́n ti jà ní Mahiwa ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn sì kú síbẹ̀. Ìbọn tí wọ́n kọ́ wọn láti yìn fún Jámánì, ara Ẹ̀gbá ni wọ́n yìn ín sí.

A sọ èyí kí a lè rí i pé ẹ̀wù ogun kò fi dandan sọ ènìyàn di ọ̀tá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún un. Sójà a máa lọ sí ibi tí wọ́n bá ní kí ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Bọ́mà. Ní 1941, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n lé àwọn ará Ítálì kúrò ní Mogadishu ní oṣù Kejì, tí ogun náà sì wọ Addis Ababa ní oṣù Kẹrin. Ogun náà yára. Ti Bọ́mà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1943, ni ó kọ́kọ́ lọ. Àmì aláǹtakùn dúdú ni wọ́n rán mọ́ apá ẹ̀wù wọn. Ẹgbẹ́ ogun 82 tẹ̀ lé wọn, àmì tiwọn sì yẹ kí ó gba àfiyèsí yín: ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá, òṣùká yìí tí a fi ń ru ẹrù. Ẹni tí ó ya àmì náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀, ẹṣin tàbí ìbaaka kò sì sí tí yóò ru ẹrù fún wọn. Orí ènìyàn ni ẹrù ogun fi rìn. Kí wọ́n tó dé àfonífojì náà rárá, wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè, nǹkan bí máìlì 75, láti Chiringa dé Daletme. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1944. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfúrufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Àbúrò bàbá wa kan wà lára wọn. Bàbá Bọ́mà ni gbogbo ọmọ agbo ilé ń pè é. Bí a bá yí i ká ní alẹ́ pé kí ó sọ ìtàn ogun, kì í sọ̀rọ̀ ìbọn. Ọ̀rọ̀ òjò ni yóò sọ, òjò tí kì í dá láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ eṣúṣú tí ń gba ihò okùn bàtà wọlé. Ọ̀rọ̀ àpótí ọta tí ó gbé lórí gun òkè tí ẹni iwájú fi ń fẹsẹ̀ tẹ orí ẹni ẹ̀yìn. Inú àwa ọmọdé kì í dùn, nítorí ìbọn ni a fẹ́ gbọ́. Àwọn ìwé tí a kà lẹ́yìn náà fi hàn pé ohun tí ogun náà jẹ́ gan-an ni ó ń sọ fún wa.

Nígbà tí ó dé, wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní kí ó lọ, lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà kẹta ni wọ́n sọ fún un pé orúkọ tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ kò bá orúkọ tí ó ń jẹ́ mu, nítorí pé akọ̀wé tí ó kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó wọṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó padà sí oko kòkó. Kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan títí ó fi kú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ṣe bí i tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Olúsànyà, tí ó kọ ìwé lórí ogun yìí àti ìṣèlú Nàìjíríà ní 1973, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ó padà bọ̀ wò fínnífínní, kò sì gbà pé àwọn ni wọ́n gbé ìjà òmìnira ró.

A mọ ibi tí ìtàn náà ti rìn wá. Ní Gold Coast, ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́: ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn sójà àtijọ́ tò lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà ní Àkrà láti lọ tọrọ ẹ̀tọ́ wọn, ọ̀gá ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn kú, ìlú sì gbiná. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà lára òmìnira Gánà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yá ìtàn aládùúgbò wọ̀ bí ẹ̀wù, nígbà tí tiwa wà nínú àpótí.

Kí a tó ṣí àpótí náà, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ọmọ ogun kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó òun àti ẹgbẹ́ ogun 81 lọ sí Kaladan. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù bá wọn lójijì lẹ́bàá odò náà. Ọta bà á ní orúnkún àti ní ikùn. Àwọn tí ó lè sá ti sá, àwọn tí ó kú ti kú. Òun àti ọmọ ilẹ̀ Sàró kan, David Kargbo, ni wọ́n ṣẹ́ kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn ará Jàpáànù ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní agbègbè náà, bí wọ́n bá rí ọmọ dúdú méjì nínú ilé náà, onílé àti ìyàwó àti ọmọ yóò bá a lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò ní ìfarapamọ́, títí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tún dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1944.

Fadoyebo padà wálé, ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Fadoyebo fúnra rẹ̀ papò dà ní 2012. Àwọn ènìyàn Shuyiman ni ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wọn dáná sun abúlé wọn, ó sì ju ọ̀kẹ́ márùndínlógójì lọ, èyíinì ni 700,000 ènìyàn, tí ó sá lọ sí Bangladesh. Nígbà tí ìròyìn náà dé, a tẹ́tí kí a gbọ́ bóyá ẹnì kan ní ilẹ̀ Yorùbá yóò sọ pé àwọn ènìyàn yìí tọ́jú ọmọ wa kan rí. A kò gbọ́ ọ. Bóyá ẹnì kan sọ ọ́ tí kò dé etí wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wálé. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní Kaladan, kí ni ń ṣẹlẹ̀ ní ọjà Èrèkò? Ní 1940, ìjọba gbé òfin jáde pé obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ìyá ọlọ́jà dìde lábẹ́ olórí wọn, Alimotu Pelewura, obìnrin Mùsùlùmí tí ń ta ẹja, tí kò mọ ìwé, tí ó sì mọ ohun tí ó tọ́. Ìjọba gbé £50 kúrò, ó fi £200 sí i, ẹni tí ọ̀ràn náà kàn sì kù díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé òfin ti fífi iye lé ọjà dé. Ọ̀gágun Pullen ni wọ́n fi ṣe alákòóso rẹ̀, òun ni yóò sì sọ iye tí wọn yóò máa ta gàrí. Ẹni tí ó bá tà á ní iye yẹn kò lè rí owó tí ó fi rà á padà, nítorí náà gàrí sá kúrò ní ọjà, wọ́n sì ń tà á ní kọ̀rọ̀. Iyọ̀ wọ́n. Kẹrosíìnì wọ́n. Pelewura kọ̀ láti bá ìjọba fi ọwọ́ sí i. Ó ní bí wọ́n tilẹ̀ fún òun ní £100 lóṣù, òun kì yóò bá wọn fi ebi pa ìlú tí wọ́n ti bí òun. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ wo iye owó oṣù akọ̀wé ní ọdún wọ̀nyẹn, kí ẹ tó mọ ohun tí £100 jẹ́.

Àwọn oníwé náà kò sùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Roosevelt àti Churchill fọwọ́ sí ìwé kan lórí òkun Àtìláńtíìkì, pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí yóò ṣe àkóso wọn. Attlee, igbákejì Churchill, wá sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1925, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ìran ènìyàn. Kò pé oṣù kan tí Churchill fi dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó ní àwọn ìlú tí Hitler gbà ní Yúróòpù ni òun ní lọ́kàn. Gbólóhùn méjèèjì dé Èkó. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ọ kò gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n oúnjẹ wọn, kí ẹni tí ó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó láti 1943, padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 1945, ogunlọ́gọ̀ sì lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, rélùwéè ti dúró, wáyà ti dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 30,000 lọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ti ilé ìwé ìròyìn Azikiwe méjèèjì pa ní oṣù Keje. Nǹkan bí ọjọ́ 44 ni àwọn ará rélùwéè fi dúró. Ìgbìmọ̀ tí ó wá láti Gẹ̀ẹ́sì sì fún wọn ní ìdajì tí wọ́n bèèrè lórí owó ọ̀wọ́n náà.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, níbo ni àwọn ọmọ ogun Bọ́mà wà? Wọn kò tíì dé. Jàpáànù kò tíì juwọ́ sílẹ̀ nígbà náà; nígbà tí ó sì juwọ́ sílẹ̀ tán, ọkọ̀ òkun kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan Èkó títí di 1946. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ mi ìjọba yìí láti ìpìlẹ̀, ẹni tí kò gbé ìbọn rí ni ó ṣe é, nígbà tí ẹni tí ó gbé ìbọn wà nínú àgọ́ ní òkè òkun, tí ó ń retí ọkọ̀.

Ti Abẹ́òkúta tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò ogun, wọ́n gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní iye tí ó wù wọ́n. Owó orí obìnrin tí ó dé ní 1918 sì wà síbẹ̀. Àwọn ìyá náà gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ọ̀mọ̀wé sì di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ìlú. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tí ó ju 10,000 lọ jókòó sí iwájú ààfin Aké, wọ́n kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní 1948, owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Kábíyèsí padà sí orí oyè ní ìparí ọdún 1950. Àwọn ìjòyè wà láàrin wa, a kì yóò sì dá ọba lẹ́jọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí: òfin òyìnbó ni ó fi ọba sí àárín ìlú àti owó orí, kí ọwọ́ òyìnbó má bàa dọ̀tí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni pé owó orí kan náà tí àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá fi ìbọn ṣakaǹbùlà kọ̀ ní 1918, tí wọ́n sì kú lé e lórí, ìyá àti àwọn ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n fi orin àti ìjókòó lé apá kan rẹ̀ lọ ní 1948. Ìyá arúgbó agbo ilé wa wà lára wọn. Ẹni ọdún 70 ni nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ wa pé a ń rẹ àwọn ọmọ ogun sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe tóbi, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni. Àti pé a kò tilẹ̀ tọ́jú èyí tí wọ́n ṣe. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, orúkọ àwọn ọmọ ogun tí a kò mọ ibojì wọn wà lára òpó òkúta, nǹkan bí 27,000, ti wa wà níbẹ̀. Ní ilé, a ti gbé ọjọ́ ìrántí kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, a fi sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ó sì dára bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n Bọ́mà ti rì sínú rẹ̀. Ti àwọn ìyá Èrèkò àti ti Aké, kò sí òkúta kankan tí a kọ orúkọ gbogbo wọn sí.

Nítorí náà ni a ṣe bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé kan sílẹ̀ láti òní lọ. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ogun, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é nílé, kì í ṣe bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́. Kí ó kọ àdúgbò rẹ̀, ọdún tí ó lọ, ọdún tí ó dé tàbí pé kò dé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ta gàrí, iyọ̀ tàbí ìrẹsì ní ọdún wọ̀nyẹn, kí ó kọ ìyẹn pẹ̀lú, àti orúkọ ọjà náà. Bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́, oríkì àti orúkọ agbo ilé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, akọ̀wé yóò sì jókòó tì í títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ yìí.